Ìyá Aránṣọ Kò Wọ Ọkọ̀

Tí ọmọ ẹni bá ṣàdédé ń ṣe dáadáa síni ju bó ṣe yẹ lọ, kéèyàn yáa fura. Ìyá Aránṣọ fura. Látìgbà tí àkọ́bí ẹ̀ ti wá fi mọ́tò gbé e láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ti ń da ìbéèrè bò ó. Màmá, ṣé ìjókòó yẹn rọ̀ yín lọ́rùn? Màmá, ṣé kí n ti fèrèsé? Màmá, ṣé ẹ máa mumi? Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá pe ìyá ẹ̀ lórí fóònù, kó tó kí i tán ló ti ń sọ pé wọ́n ń dúró de òun níbi ìpàdé! Àbúrò ẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì ni, òun náà jókòó ti Ìyá lẹ́yìn mọ́tò, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú gírígírí bíi pé wọ́n ń gbé e lọ ṣe iṣẹ́ abẹ.

Wọ́n ní ọjọ́ ìgbádùn ni. Wọ́n ní àwọn ti gba àyè nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó máa ń gbé èèyàn rìn létí òkun látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́, kí màmá àwọn lè lọ gba atẹ́gùn sára, kó wo ẹja, kó wo ẹyẹ, kó fẹsẹ̀ tẹ erékùṣù.

"Àbíkẹ́yìn ńkọ́?" Ìyá bi wọ́n.

"Ó níṣẹ́," àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá wo iwájú, ó wo ẹ̀gbẹ́. Ta ni ò mọ̀ pé Àbíkẹ́yìn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé? Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tó ti rí òkun gbẹ̀yìn, òkun sì ń wù ú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀, kó má baà rú yín lójú. Obìnrin yìí ti ń ránṣọ láti ìgbà èwe ẹ̀. Ilé tó ń gbé, òun àti ọkọ ẹ̀ olóògbé ni wọ́n jọ kọ́ ọ: ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, yàrá wà lókè, àtẹ̀gùn kan tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín wọn. Orí àtẹ̀gùn yẹn ló ti ṣubú lọ́dún tó kọjá, tí egungun ìbàdí ẹ̀ kán. Egungun ti jinná, ọ̀pá ló kù lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà ni àwọn ọmọ ti ń sọ pé àfi kó kó wá sílé àkọ́bí, sí yàrá kan lẹ́yìnkùlé tí fèrèsé ẹ̀ kọjú sí ògiri. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Wọ́n gbé e lọ jẹun níta lọ́jọ́ kan kí wọ́n lè sọ ọ́ fún un níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́ òórùn ọ̀rọ̀ yẹn, ó ní òun ń lọ fọwọ́, ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná jáde, ó wọ takisí, ó délé, ó ti ilẹ̀kùn. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, koko ló ń le sí i.

Wọ́n dé èbúté. Ọkọ̀ náà ò tóbi: aláwọ̀ búlúù, ó ní òrùlé pákó, bẹ́ǹṣì gùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Atukọ̀ jẹ́ ọkùnrin ọlọ́rùn kíki tí ohùn ẹ̀ ti há, tó ń bá ọkọ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìyàwó sọ̀rọ̀. "Rọra, ìyá mi, rọra, má gbá èbúté lórí." Pátákó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n kan ìṣó sí i lára, wọ́n sì fi ègé igi kọ̀ọ̀kan kọ́ sórí ìṣó kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ fetí sílẹ̀ o," Atukọ̀ ní. "Ẹni tó bá máa sọ̀ kalẹ̀ ní erékùṣù, á mú igi kan dání. Ẹni tó bá padà dé, á fi igi ẹ̀ kọ́ síbi tó wà. Tí ìṣó kan bá ṣófo báyìí, ọkọ̀ yìí ò ní kúrò níbẹ̀, ì báà jẹ́ ọba ló ń kánjú. Ọkọ̀ kan gbàgbé obìnrin kan sórí yanrìn létíkun yìí rí, díẹ̀ ló kù kí òtútù pa á. Kì í ṣe ọkọ̀ tèmi, kò sì ní í jẹ́ tèmi."

Wọ́n gbéra. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa irọ́ fún yín, inú Ìyá dùn. A kì í tìtorí ìfura ká dijú sí ohun tó dáa. Atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè ẹ̀, omi ń ta sí i lẹ́nu, ó ń lá a. Nígbà tí wọ́n kọjá àpáta ńlá kan, àwọn ẹja dúdú tó ń mí bí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń sáré bá a lọ bí ọmọ iléèwé tó rí mọ́tò. Ìyá dìde, ó pariwo, "Yéè! Ẹ wò ó! Ẹ wo ìkókó, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀!" Nọ́ọ̀sì fà á ní aṣọ pé kó jókòó kó má baà ṣubú. Ó gbọn ọwọ́ ọmọ náà nù. Nígbà tó yá, ìjàpá òkun kan yọ orí jáde, ó wò wọ́n, ó tún rì. Tọkọtaya àgbàlagbà kan tó jókòó ní bẹ́ǹṣì òdìkejì ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó, tó wọ awò ojú tó nípọn, sọ pé ìjàpá yẹn fojú jọ ọkọ òun.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni fóònù àkọ́bí ti dún.

Ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, kò gbọ́ ohun tí ẹni náà ń sọ. Ló bá tẹ̀ ẹ́ kó máa ké síta. Ohùn Àbíkẹ́yìn sì bọ́ sáàárín gbogbo ọkọ̀ bí ẹni da omi: "Ẹ̀gbọ́n, maṣíìnì Màmá ò gba ẹnu ọ̀nà o! Ṣé ká tú ẹsẹ̀ ẹ̀ ni? Bẹ́ẹ̀dì ti wà nínú mọ́tò, a ti kó àga àti aṣọ wọn náà. Maṣíìnì nìkan ló kù, àwọn alágbàrù ti ń bínú…"

Àkọ́bí pa fóònù. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Gbogbo èrò yíjú sí Ìyá.

"Kí wọ́n tú ẹsẹ̀ kí ni?" Ìyá bèèrè.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká délé ká tó sọ ọ́."

"Ilé wo? Ṣé èyí tẹ́ ẹ ń kó lọ́wọ́ ni?"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún. Ó ní torí Ìyá ni, ó ní ìfẹ́ ló fà á, ó ní àwọn ti bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Àkọ́bí ní yàrá náà ti ní ọ̀dà tuntun, ó ní wọ́n ti kan irin ìdìmú mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀ torí ẹ̀, pé tó bá dé ibẹ̀ tó rí i, á fẹ́ràn ẹ̀.

"A kì í fárí lẹ́yìn olórí," Ìyá ní. Ohùn ẹ̀ ò tiẹ̀ lọ sókè. "Ẹ gbé mi wá sórí omi kí n má baà ráyè sá."

Ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n ti rò ó: tí wọ́n bá gbé e lọ síbikíbi lórí ilẹ̀, á wọ takisí. Lójú òkun, takisí wo ló fẹ́ wọ̀?

Ìyá kọjú sí omi. Inú ń bí i débi pé eyín ẹ̀ ń dùn ún. Ilé tó bí ọmọ mẹ́ta sí. Maṣíìnì tó fi rán aṣọ iléèwé wọn, tó fi rán aṣọ ìgbéyàwó Nọ́ọ̀sì, tó fi rán èyí tí wọ́n fi sin bàbá wọn. Alágbàrù tí ò mọ̀ rí ń fa àpótí aṣọ ẹ̀! Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Àkọ́bí wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó rò pé ó ti gbà. Ọmọ tó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tí ò tíì mọ ìyá tó bí i!

Wọ́n dé erékùṣù. Ọkọ̀ ò lè dé etí yanrìn, ọkọ̀ rọ́bà ló ń kó èèyàn lọ. Atukọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń dúró sínú omi gba èrò. "Ẹ má di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ máa ń yọ̀. Ẹ di ọrùn ọwọ́ mi mú, kí èmi náà di tiyín mú. Tí ìgbì bá padà sẹ́yìn, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe tó bá ń bọ̀ o." Àkọ́bí, tó máa ń kánjú lọ́jọ́ gbogbo, bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ìgbì ń bọ̀. Omi gbá a nídìí, ó dojú bolẹ̀, ó dìde pẹ̀lú iyanrìn nínú etí. Ìyá mú ègé igi tiẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ Atukọ̀ mú, ó dúró kí ìgbì lọ tán, ó sọ̀ kalẹ̀, ó rìn jáde nínú omi tòun ti ọ̀pá.

"Màmá, ṣé ẹ ti ṣe é rí ni?" Atukọ̀ bi í.

"Mi ò ṣe é rí. Mo gbọ́ ohun tó o sọ ni."

Háà, ẹyẹ pọ̀ níbẹ̀! Wọ́n funfun lọ súà, wọ́n ń ké bí ọjà tó ń tú. Orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n yé ẹyin sí, okùn ni wọ́n fi pààlà kí èèyàn má baà tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan sàba lé ẹyin ẹ̀ nítòsí okùn gan-an. Àwọn èrò rọ̀gbà yí i ká, wọ́n ń ya fọ́tò. Ẹyẹ la ẹnu sí wọn, ó ń ké mọ́ wọn, kò dìde.

"Ìwọ náà," Ìyá sọ fún un, "ṣé wọ́n fẹ́ kó ẹrù ẹ ni?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Atukọ̀ fun fèrè pé ó tó, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi ọkọ̀ rọ́bà. Ìyá ò lọ. Ìtì igi ńlá kan tí òkun gbé wá wà lórí yanrìn. Ó yan ibi tó tẹ́ lára ẹ̀, ó jókòó, ó tẹ́ aṣọ ẹ̀ dáadáa, ó mú ègé igi ọkọ̀ yẹn, ó tì í bọ àyà.

"Màmá, ẹ máa bọ̀ o," Àkọ́bí pè.

"Mi ò bọ̀."

"Ẹ̀n?"

"Ẹ máa lọ. Mo ti rí ilé."

Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn èrò kí wọ́n lè bá a rín in. Lẹ́yìn náà ló wo ojú ìyá ẹ̀, ẹ̀rín ẹ̀ gbẹ.

"Pe Àbíkẹ́yìn," Ìyá ní. "Kó dá ẹrù mi padà. Gbogbo ẹ̀, títí kan òwú. Kó fi fóònù yà á hàn mí pé ó ti wà níbi tó wà. Ìgbà yẹn ni màá dìde."

Ọmọ gbé ìgbésẹ̀ kan síwájú bí ẹni fẹ́ gbé e. Ìyá na ọ̀pá sí i láyà. "Gbé mi wò."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," Àkọ́bí kọjú sí Atukọ̀, "màmá wa ti dàgbà ni. Ẹ jẹ́ ká rọra gbé wọn."

"Gbé ta ni? Ẹni tó bá ń tàpá nínú ọkọ̀ rọ́bà, gbogbo wa ló máa dà sómi. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọ̀ ọ́ ni mò ń gbé."

"Ẹ gba igi yẹn lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ!"

Atukọ̀ wo ibi tí igi wà, ó wo Àkọ́bí. "Ọ̀gbẹ́ni, ìwọ lo ni ìyá. Lọ mú un níbẹ̀."

Kò lọ mú un.

Ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Omi ti ń fà sẹ́yìn, Atukọ̀ sì ní tó bá fà jù, ọkọ̀ á jókòó sórí yanrìn títí omi á fi padà. Ó ní kí ọmọọṣẹ́ òun tó wà nínú ọkọ̀ tù ú síbi tó jìn díẹ̀. Àwọn èrò ń kùn. Ọkùnrin kan tó dé fìlà ńlá pariwo, "Ìyá, ẹ ń fi ọjọ́ wa ṣòfò! Mo níbi tí mò ń lọ!"

"Èmi náà ní in," Ìyá dá a lóhùn. "Ilé mi."

Ìgbà yẹn ni ìyá aláwò tó nípọn kúrò lórí ìlà, ó rìn wá, ó jókòó sórí ìtì igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Aránṣọ. Ọkọ ẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹnu yà á.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mo jókòó."

"Torí kí ni?"

"Jókòó, bàbá yìí! Ṣé o rò pé àwọn ọmọ tìẹ náà ò ti máa fojú wọn ilé wa?"

Bàbá ronú díẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó jókòó. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, àti ọlọ́fìlà náà. Ẹnì kan yọ bisikí, ó ń pín in kiri.

Àkọ́bí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró síwájú ìyá ẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù, ojú ẹ̀ ti pọ́n. "Èmi ni mo bá yín nílẹ̀!" ó kígbe. "Màmá, èmi ni! Ẹ ti wà nílẹ̀ yẹn láti àárọ̀, ẹnu yín ti gbẹ, ẹ ò lè pe orúkọ mi. Mo rò pé ẹ ti kú. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè wọlé. Látọjọ́ náà, tí fóònù bá ti dún báyìí, ọkàn mi á já. Mi ò sùn mọ́! Tẹ́ ẹ bá tún ṣubú ńkọ́? Tí mi ò bá tètè dé ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì ń sunkún sínú ìborùn ẹ̀. Ojú Ìyá rọ̀, ó wo ọmọ ẹ̀, ó sì dùn ún. Ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀ ò kúrò lórí igi.

"Mi ò mọ̀ pé o kì í sùn," ó ní. "O ò sọ ọ́ fún mi rí. Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ẹ̀rù bà ọ́. Ẹ̀rù ba èmi náà, ṣebí èmi ni mo wà nílẹ̀. Tí mo bá tún ṣubú, mo ṣubú nìyẹn. Ìwọ tó o dúró yìí, nígbà tó ò ń kọ́ ìrìn, ẹ̀ẹ̀melòó lo fi imú gbálẹ̀? O ní àpá ẹ̀ níwájú orí. Ṣé mo wá tìtorí ìyẹn pọ̀n ọ́ títí o fi hu irùngbọ̀n?"

"Màmá, ìyẹn yàtọ̀."

"Kí ló fi yàtọ̀? Ẹ fẹ́ kí n máa lo fóònù tí mo máa fi kọ́ ọrùn, màá fi kọ́ ọrùn. Ẹ fẹ́ kan irin mọ́ àtẹ̀gùn, ẹ wá kàn án. Ẹ bi mí ni! Ẹrù ẹni tó ti kú ni wọ́n ń kó láì bi olóhun. Èmi ń wo ẹja lókun, ẹ̀yin ń kó mi nílé bí òkú. Mi ò tíì kú! Nígbà tí mo bá kú, ẹ kó o, mi ò ní jókòó dí yín lọ́nà."

Àkọ́bí fi ọwọ́ nu ojú. Ó wo òkun, ó wo àbúrò ẹ̀. Nọ́ọ̀sì mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Àkọ́bí yọ fóònù. Omi ti wọ̀ ọ́, kò tàn, ló bá gba ti Nọ́ọ̀sì.

"Dá a padà," ó sọ fún Àbíkẹ́yìn.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ẹ ṣeun o, Ẹ̀gbọ́n! Láti àárọ̀ ni mo ti ń retí ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀. Ara mi ò lélẹ̀."

"O ò bá ti sọ ọ́!"

"Ta ló ń bi mí?" Àbíkẹ́yìn ní.

Wọ́n dúró. Ó pẹ́, torí pé àwọn alágbàrù gbọ́dọ̀ gbé bẹ́ẹ̀dì gun àtẹ̀gùn padà. Oòrùn yí. Àwọn ẹyẹ ò kà wọ́n sí mọ́, ọ̀kan tiẹ̀ wá ń ṣa èérún bisikí lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá tó bọ́ bàtà. Atukọ̀ rántí ìyá tiẹ̀, ó ń sọ ìtàn ẹ̀ fún ọlọ́fìlà. Nígbà tó yá, fóònù Nọ́ọ̀sì dún, àwòrán yọ. Ìyá gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú.

Àpótí aṣọ nìyí. Àga nìyí. Maṣíìnì ò tiẹ̀ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹnu ọ̀nà tó kọ̀ fún un ló gbà á sílẹ̀. Àbíkẹ́yìn tún ti nu eruku ẹ̀.

"Yí ọwọ́ ẹ̀ kí n gbọ́."

Àbíkẹ́yìn yí i. Ìró ẹ̀ gba inú fóònù kékeré náà jáde, tàkàtàkà-tàkà, ó mọ́ ketekete láàárín igbe ẹyẹ. Ìyá dijú, ó gbọ́ ọ tán.

"Ta ló kọ orí bẹ́ẹ̀dì mi sí ògiri? Fèrèsé ni mò ń kọ orí sí. Ẹ yí i."

Wọ́n yí i. Ó dá fóònù padà, ó tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó dìde. Ìjókòó ti pẹ́ jù, ìbàdí ẹ̀ ti le, ó mì díẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Apá Àkọ́bí ti ń bọ̀, bó ṣe máa ń ṣe, láti gbá a mú lábíyá. Ó dáwọ́ dúró lágbedeméjì.

"Màmá," ó ní, "ṣé kí n dì yín mú?"

Látọjọ́ tí egungun ẹ̀ ti kán, wọ́n ti ń dì í mú, wọ́n ti ń fà á, wọ́n ti ń gbé e sọ́tùn-ún sósì. Kò tíì sí ẹni tó bi í rí. Ìyá wo ọmọ ẹ̀ dáadáa, láti orí dé ẹsẹ̀, tòun ti iyanrìn etí ẹ̀.

"Rárá," ó ní. "O ṣé."

Ó sì kọjú sí ibi ọkọ̀ rọ́bà, ó ń lọ.